Ọkàn: Ìrísí Rẹ̀ àti Iṣẹ́ Rẹ̀

Ọ̀nà méjì ni ẹ̀kọ́ nípa ara ènìyàn pín sí láti ìbẹ̀rẹ̀. Èkíní ń kọ́ wa ní ìrísí ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan: ibi tó wà, bó ṣe tóbi tó, àti bí a ṣe tò ó. Èkejì ń kọ́ wa ní iṣẹ́ tí ẹ̀yà náà ń ṣe àti bó ṣe ń ṣe é. Àwọn ìwé sábà máa ń ya méjèèjì sọ́tọ̀, orí kan fún ìrísí, orí kan fún iṣẹ́. Ní tèmi, ẹni tó bá fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ tètè lóye, ẹ̀yà ara kan ṣoṣo ni kó kọ́kọ́ mú, kó fi ìrísí rẹ̀ ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀. Ọkàn ni mo máa ń mú, nítorí pé ohun tí ojú rí lára rẹ̀ tó láti fi mọ ohun tó ń ṣe.

Ọjà ni ẹ̀kọ́ náà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọkàn màlúù àti ti ènìyàn jọra púpọ̀. Ti màlúù kàn tóbi jù ú lọ fíìfíì ni. Lórí àtẹ alápatà, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀dọ̀ àti fùkù ni wọ́n máa ń gbé e sí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lọ rà á, ọ̀bẹ alápatà ti dé ara rẹ̀ kí n tó lanu. "Tíṣà, ṣé kí n bá yín gé e wẹ́wẹ́?" Mo ní odindi ni mo fẹ́, kó má sì gé àwọn iṣan tó wà lórí rẹ̀ dànù. Ó wò mí títí, ó rẹ́rìn-ín, ó wá dì í sínú ọ̀rá. Àwọn iṣan tí àwọn oníbàárà máa ń ní kó gé kúrò yìí gan-an ni ìdajì ẹ̀kọ́ náà.

Ọkàn àgbàlagbà tó bí ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ tó bá di ọwọ́, ìwọ̀n rẹ̀ kì í sì í sábà ju gíráàmù 250 sí 350 lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé apá òsì àyà ló wà. Àárín ló wà, láàárín ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì, lẹ́yìn egungun pẹlẹbẹ tó wà láàárín àyà. Ṣóńṣó ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló dorí kọ òsì. Ibẹ̀ ló ti ń kan ògiri àyà, ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá gbé ọwọ́ lé àyà fi ń gbọ́ ọ lápá òsì. Àpò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló wé e, omi díẹ̀ sì wà láàárín àpò náà àti ọkàn kí ara wọn má baà máa ha ara wọn.

Bí a bá là á, yàrá mẹ́rin ni a ó bá nínú rẹ̀, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Ògiri tó ki kan ló pààlà sáàárín apá ọ̀tún àti apá òsì. Àwọn yàrá òkè ń gba ẹ̀jẹ̀ wọlé, àwọn ti ìsàlẹ̀ ń tì í jáde. Ibi tí mo ti máa ń dúró pẹ́ jù nìyí. Mo máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là di ògiri yàrá ìsàlẹ̀ mú, kó kọ́kọ́ di ti ọ̀tún mú, lẹ́yìn náà kó di ti òsì mú. Ti òsì nípọn tó ìlọ́po mẹ́ta ti ọ̀tún. Kò sí ẹni tí kò ní béèrè ìdí rẹ̀. Yàrá ọ̀tún kàn ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró tó wà nítòsí ni. Ti òsì ló ń tì í dé àtàrí, tó sì ń tì í dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ẹni tó ń pọn omi fún ilé kejì àti ẹni tó ń pọn ọ́n gun òkè kò lè ní iṣan apá kan náà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti fọwọ́ kan ìyàtọ̀ yẹn kò nílò kó há iṣẹ́ yàrá méjèèjì sórí mọ́.

Ilẹ̀kùn mẹ́rin ló wà nínú ọkàn, gbogbo wọn ló sì ń ṣí sí ọ̀nà kan ṣoṣo. Méjì wà láàárín yàrá òkè àti ti ìsàlẹ̀, méjì wà lẹ́nu ọ̀nà àbájáde. Awẹ́ ẹran fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó funfun ni wọ́n. Okùn tín-ín-rín tó le bí òwú ìránṣọ ló so ti inú mọ́ ògiri yàrá ìsàlẹ̀, kí agbára ẹ̀jẹ̀ má baà yí wọn sí òdìkejì bí ìjì ṣe ń yí agboòrùn. Àwọn ti ẹnu ọ̀nà àbájáde kò ní okùn. Àpò kéékèèké mẹ́ta ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí a bá rọra da omi sínú iṣan ńlá tó ti apá òsì ọkàn jáde, èyí tí mo bẹ alápatà pé kó má gé, àpò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á kún, wọ́n á fara ti ara wọn, omi náà á sì dúró sókè wọn bí ìgbà tó wà nínú ife. Ọkàn tó ti kú láti òwúrọ̀ ṣì mọ bí a ti í sé ilẹ̀kùn.

Ìró tí àwọn ilẹ̀kùn yìí ń dún nígbà tí wọ́n bá ń sé ni dókítà ń gbọ́ nígbà tó bá gbé ẹ̀rọ etí rẹ̀ lé àyà wa. Ìró àkọ́kọ́ ni ti ilẹ̀kùn inú, èkejì ni ti ilẹ̀kùn àbájáde. Nígbà tí Yorùbá bá ní àyà òun ń lù kì-kì, kò sí àsọdùn níbẹ̀: ìró méjì ni lóòótọ́. Bí ilẹ̀kùn kan kò bá sé dáadáa, ẹ̀jẹ̀ á máa jò padà, ìró rẹ̀ á sì dà bí ìgbà tí ènìyàn ń fẹ́ atẹ́gùn lẹ́nu. Ọ̀gbẹ́ni Laennec, dókítà ará Faransé, ló kọ́kọ́ ká bébà bí ọ̀pá ní ọdún 1816 láti fi gbọ́ àyà obìnrin aláìsàn kan, nítorí pé kò yẹ kó gbé etí lé e láyà. Láti ara bébà yẹn ni ẹ̀rọ etí àwọn dókítà ti bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ ọkàn ni láti mú kí ẹ̀jẹ̀ máa yí ara ká. Ẹ̀jẹ̀ tó ti ara bọ̀, tó ti fi apá kan nínú afẹ́fẹ́ rere inú rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹran ara, ń gba yàrá òkè ọ̀tún wọlé. Ó sọ̀ kalẹ̀ sí yàrá ìsàlẹ̀, èyí sì tì í lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Níbẹ̀ ló ti ń tú afẹ́fẹ́ tó dọ̀tí dànù, tó sì ń gba ọ́síjìn tuntun. Ó padà sí ọkàn lápá òsì, yàrá ìsàlẹ̀ òsì sì tì í jáde sí gbogbo ara. A ń pe àwọn ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kúrò nínú ọkàn ní iṣan àlọ, a sì ń pe àwọn tó ń gbà padà ní iṣan àbọ̀. Láàárín méjèèjì ni àwọn iṣan tó tín-ín-rín ju irun orí lọ wà, níbi tí sẹ́ẹ̀lì pupa ti ń kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń gba ọ̀nà oko.

Ẹ̀jẹ̀ inú àgbàlagbà jẹ́ nǹkan bíi lítà márùn-ún. Nígbà tí ara bá simi, ọkàn ń ti nǹkan bíi mìlílítà 70 jáde ní ìlù kan, ó sì ń lù tó ìgbà 70 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò rẹ̀: lítà márùn-ún láàárín ìṣẹ́jú kan, gbogbo ẹ̀jẹ̀ ara pátá. Bí ilẹ̀ bá fi ṣú, tó tún mọ́, ọkàn ti lù tó ìgbà 100,000, ó sì ti ti nǹkan bíi lítà 7,000 jáde. Kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 tó gba ìyẹn jẹ́ 280. Ẹran tí kò tó ìdajì kílò ló ṣe é.

Ta ló ń pàṣẹ fún un pé kó máa lù? Ọ̀pọ̀ á ní ọpọlọ ni. Ọpọlọ lè mú un yára, ó sì lè dá a dúró díẹ̀, ṣùgbọ́n inú ọkàn fúnra rẹ̀ ni àṣẹ ìlù ti ń wá. Ẹran kékeré kan wà lára ògiri yàrá òkè ọ̀tún tó ń ṣe iná mànàmáná kékeré. Iná yẹn ń ràn kálẹ̀, àwọn yàrá òkè sì ń fún pọ̀. Nígbà tó bá dé àárín ọkàn, ó ń dúró fún nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá kó tó sọ̀ kalẹ̀, kí yàrá òkè lè da ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ tán. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1967, nílé ìwòsàn Groote Schuur ní Cape Town, Dókítà Christiaan Barnard gbé ọkàn ẹni tó ti kú sínú àyà ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Louis Washkansky. Kò sí okùn ìmọ̀lára kankan tó so ọkàn náà mọ́ ọpọlọ olówó rẹ̀ tuntun, síbẹ̀ ó ń lù. Ọjọ́ 18 ni ọkùnrin náà lò. Àrùn ẹ̀dọ̀fóró ló pa á.

Èdè wa fi ọkàn ṣe ibùgbé èrò, ìfẹ́ àti ìbẹ̀rù, bẹ́ẹ̀ sì ni ọpọlọ ló ń ronú. Síbẹ̀ ẹni tó ní àyà òun já kò purọ́. Bí ẹ̀rù bá ba ènìyàn, ẹran kékeré tó wà lórí kíndìnrín kọ̀ọ̀kan ń tú oje kan sínú ẹ̀jẹ̀, oje náà á dé ọkàn, ìlù rẹ̀ á sì le sí i. Ọkàn kò mọ ohun tó ń bani lẹ́rù, ṣùgbọ́n ìròyìn rẹ̀ ń tètè kàn án.

Ó pẹ́ kí aráyé tó mọ gbogbo èyí. Galen, oníṣègùn ará Gíríìsì tó gbé ayé ní nǹkan bí ọdún 1,800 sẹ́yìn, kọ́ni pé inú ẹ̀dọ̀ ni oúnjẹ ti ń di ẹ̀jẹ̀, pé ẹran ara ń lò ó tán bí ilẹ̀ ṣe ń fa omi mu, àti pé ihò wẹ́wẹ́ wà lára ògiri àárín ọkàn. Ó lé ní ọdún 1,300 tí wọ́n fi gbà á gbọ́. Ibn al-Nafis, oníṣègùn tó ṣiṣẹ́ ní ìlú Cairo, ti kọ ọ́ ní ọ̀rúndún kẹtàlá pé kò sí ihò kankan níbẹ̀, pé inú ẹ̀dọ̀fóró ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá; ìwé rẹ̀ sùn sí ilé ìkàwé títí di ọdún 1924 tí wọ́n rí i ní Berlin.

William Harvey, oníṣègùn ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló parí ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní ọdún 1628. Ìṣirò ló fi ṣe é. Ó wọn ẹ̀jẹ̀ tí ìlù kan lè tì jáde, ó ṣírò rẹ̀ fún ààbọ̀ wákàtí, ó sì rí i pé ó ju gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú ara lọ. Oúnjẹ wo ni ènìyàn lè jẹ tí yóò di ẹ̀jẹ̀ tó bẹ́ẹ̀? Kò sí àní-àní pé ẹ̀jẹ̀ kan náà ló ń lọ tó ń bọ̀. Ó tún fi ọwọ́ lásán hàn án, àdánwò tí ẹ lè ṣe níbi tí ẹ jókòó sí. Ẹ so apá yín díẹ̀ lókè ìgbọ̀nwọ́ kí iṣan àbọ̀ yọ. Ẹ fi ìka kan tẹ iṣan kan, kí ẹ fi ìka mìíràn ti ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ lọ sókè kọjá kókó tó wà lára iṣan náà. Bí ẹ bá gbé ìka òkè kúrò, iṣan náà á ṣófo síbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kò ní padà wá. Ẹ gbé ti ìsàlẹ̀ kúrò, á kún wàrà. Ilẹ̀kùn ni kókó yẹn, ọ̀dọ̀ ọkàn ló sì kọjú sí. Ohun kan ṣoṣo ni Harvey kò rí títí tó fi kú ní ọdún 1657: ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà ti iṣan àlọ bọ́ sínú iṣan àbọ̀. Ní ọdún 1661, Malpighi ará Ítálì fi awò tó ń mú ohun kékeré tóbi wo ẹ̀dọ̀fóró àkèré, ó sì rí i.

Àǹfààní ìmọ̀ yìí hàn gbangba nínú ìtọ́jú ara. Ẹ̀jẹ̀ tó kún inú ọkàn kọ́ ló ń bọ́ ògiri rẹ̀ tó nípọn. Iṣan àlọ kéékèèké méjì tó yà kúrò ní ìdí iṣan ńlá ló ń bọ́ ọ. Bí ọ̀rá bá dí ọ̀kan nínú wọn, apá ibi tó ń bọ́ lè kú láàárín wákàtí díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìrora àyà tó bá ràn dé apá tàbí àgbọ̀n kò fi yẹ ní fífi sílẹ̀ di ọ̀la.

Ẹ̀jẹ̀ ríru náà, ògiri òsì yẹn ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ dá lé. Nọ́ńbà méjì tí nọ́ọ̀sì máa ń pè, 120 lórí 80 fún àpẹẹrẹ, ti òkè ni agbára ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ọkàn bá fún pọ̀, ti ìsàlẹ̀ ni nígbà tó bá dẹ̀. Bí wọ́n bá wọ̀n ọ́n léraléra tó ń jẹ́ 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, a ní ẹ̀jẹ̀ ń ru. Ọkàn tó ń ti ẹ̀jẹ̀ sínú iṣan tó le bẹ́ẹ̀ fún ọdún pípẹ́, ògiri rẹ̀ á máa nípọn sí i, kò sì ní ṣe é ní oore: yàrá inú rẹ̀ á há, á le gbagidi, títí tí kò fi ní lè gba ẹ̀jẹ̀ tó mọ́. Ọ̀pọ̀ ẹni tó wà lára rẹ̀ kì í mọ̀, nítorí kì í sábà dunni. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì wọ̀n ọ́n lọ́dún yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yà sí ilé ìwòsàn tó wà nítòsí yín. Kò ju iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.