"E lo ogun": Ta Ni Kò Gba Ẹ̀rọ?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé sórí fóònù mi láti ilé ìwòsàn tí mo ti ń gba ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru: "E ma gbagbe lati lo ogun yin." Wọn ò tilẹ̀ kọ "o" méjì. Èmi mọ̀ pé oògùn ni wọ́n ń wí, àmọ́ ẹ wò ó ná: ogun tí à ń jà, ogún tí bàbá fi sílẹ̀, ogún tó tẹ̀lé mọ́kàndínlógún, Ògún alágbẹ̀dẹ, gbogbo wọn ló di ọ̀kan. Bí wọ́n bá wá kọ "E lo ogun laaro", kí ni ìyá arúgbó tí wọ́n ní kó máa lo hóró méjì yóò ṣe?

Mo mú èyí wá nítorí àwọn ìwádìí tí àwọn kan nínú yín ń fi ránṣẹ́ sí mi, lórí ìdí tí aláìsàn àti òṣìṣẹ́ ìlera fi ń gba ẹ̀rọ tuntun tàbí tí wọ́n fi ń kọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ wọn dúró lé èrò Fred Davis, 1989: ẹni tó bá rí i pé ẹ̀rọ yóò ran iṣẹ́ òun lọ́wọ́, tí lílò rẹ̀ kò sì ní nira, yóò fẹ́ lò ó. N ò bá èrò yẹn jà. Bí a ṣe ń bi èèyàn léèrè ni mo ń bá jà. Wọ́n á to ìdáhùn márùn-ún, láti "mo gbà pátápátá" dé "n kò gbà rárá", bí Rensis Likert ṣe gbé e kalẹ̀ ní 1932. Ẹ wá gbé e síwájú ìyá kan ní kílíníìkì, kí ọmọ aláṣọ funfun dúró tì í. "Ó dáa, ọmọ mi." Wọ́n á sàmì sí "mo gbà". Ẹ jọ̀ọ́, ṣé gbígbà nìyẹn, àbí ọmọlúàbí?

Gbígbà ju ẹyọ kan lọ nínú èdè wa. Ó gbà á. Ó gbà á gbọ́. Ó tẹ́wọ́ gbà á. Ó gba kámú. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni mo sábà ń rí lójú àwọn nọ́ọ̀sì. Wọ́n á tẹ orúkọ aláìsàn sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n á tún kọ ọ́ sínú fáìlì, torí iná lè lọ nígbàkigbà. Iṣẹ́ kan, ẹ̀ẹ̀mejì. Bí ó bá ní òun ò fẹ́ràn ẹ̀rọ náà, ìwádìí á ní ó ń ṣàtakò. Èmi á ní ó ti lò ó rí ni.

Kí n má purọ́ mọ́ ẹni tó kọ àtẹ̀jíṣẹ́ mi. Lẹ́tà 160 ni àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń gbà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi "ẹ" tàbí "ṣ" kan ṣoṣo sí i, ó já sí 70. Owó àtẹ̀jíṣẹ́ kan lè di ti mẹ́ta. A ti rò pé àìmọ̀wé ni, owó ni! MomConnect tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní South Africa ní 2014 fún àwọn aboyún ń lo èdè mọ́kànlá, ṣùgbọ́n Zulu àti Xhosa kì í kọ àmì ohùn. Tiwa ò rọrùn bẹ́ẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n lè fi ohùn ránṣẹ́. Ìyá tí kò mọ̀wé kò ní máa gbé fóònù fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ kó bá òun kà á, kí àìsàn rẹ̀ wá di ọ̀rọ̀ gbogbo ilé. Irú ìyá bẹ́ẹ̀ tó bá pa fóònù rẹ̀, a ó ní kò gba ẹ̀rọ.

Mo gbé fóònù mi tọ nọ́ọ̀sì wa lọ, mo ṣàlàyé ogun àti ogún fún un títí. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ó ní, "Bàbá, mo ti gbọ́ o. Ṣé ẹ ti lo oògùn ọ̀hún lónìí?"

N ò tíì lò ó.