Níbo Ni Ọwọ́ Wà? Lórí Fọ́tò Àwọn Obìnrin Ìlá

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń bá mi kà á, ọ̀rọ̀ fọ́tò ni mo gbé wá lónìí. Ní 1978, Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà kan, kọ àpilẹ̀kọ sínú African Arts lórí fọ́tò yíyà láàárín àwa Yorùbá. Ìlá-Ọ̀ràngún, nílẹ̀ Ìgbómìnà, ló ti ṣe ọ̀pọ̀ ìwádìí rẹ̀. Iṣẹ́ gidi ni. Kò ka fọ́tò wa sí àfarawé òyìnbó; ó rí i pé a ní ìlànà tiwa.

Ó ṣàpèjúwe ìjókòó tí gbogbo wa mọ̀: ìyá àgbà wọ aṣọ tó dára jù, ó jókòó gbọnin, ó kọjú sí kámẹ́rà, ọwọ́ méjèèjì wà lórí orúnkún. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wo ìyẹn nìkan lè rò pé ìfarakanra ò sí láàárín àwọn obìnrin wọ̀nyí. Mi ò gbà.

Ẹ jẹ́ ká wo fọ́tò ọ̀rẹ́ méjì. Ọwọ́ oníkálukú wà lára tirẹ̀, ṣùgbọ́n aṣọ kan náà ni wọ́n rán, gèlè kan náà ni wọ́n wé. Àǹkóò nìyẹn. Inú "and Co." ti òyìnbó oníṣòwò la ti yá ọ̀rọ̀ náà, a sì sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ onífọ́tò, wọ́n ti jọ lọ sọ́jà, wọ́n ti jọ dúró níwájú télọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni fọ́tò irun tí 'Okhai Ojeikere bẹ̀rẹ̀ sí yà ní 1968, tó tó bí ẹgbẹ̀rún kan: ẹ̀yìn orí obìnrin ló pọ̀ jù níbẹ̀, onídìrí kò sí níbẹ̀, àmọ́ gbogbo ìlà irun náà, ọwọ́ rẹ̀ ni.

Ti ìbejì ló ká mi lára jù. Sprague rí i pé bí ọ̀kan bá kú kí wọ́n tó yà wọ́n pọ̀, onífọ́tò á ya èyí tó kù, á tẹ àwòrán náà lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan, bí ẹni pé àwọn méjèèjì jókòó ti ara wọn. Àwọn ìyá kan gba irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ dípò ère ìbejì. Ó wo èyí bí àṣà àtijọ́ tó bọ́ sínú ohun èlò tuntun. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀. Ère ìbejì, ìyá ń wẹ̀ ẹ́, ó ń fi osùn pa á lára, á fi há ìró nígbà mìíràn. Ìdí nìyẹn tí ojú ère àtijọ́ fi máa ń yọ̀, tí imú rẹ̀ fi ń tẹ́. Ta ló lè wẹ fọ́tò? Ìyá rí ọmọ rẹ̀ méjèèjì, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ò ríṣẹ́ ṣe mọ́.

Nítorí náà, bí irú fọ́tò yìí bá wà nílé yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn fi fóònù ya iwájú rẹ̀ kí ẹ wá sọ bébà náà nù. Ẹ wo etí rẹ̀ tó ti gbó, ibi tí ẹnì kan ti ń dì í mú látọjọ́ yìí.