Orúkọ Apohùn àti Iyì Ọ̀jọ̀gbọ́n: Àyẹ̀wò Ojú Ewé Àkọlé Ìwé Méjì

Àwọn lámèyítọ́ lítíréṣọ̀ alohùn kì í sábà ka ojú ewé àkọlé sí ohun tí ó yẹ kí a yẹ̀ wò. Wọn a máa ṣí i kọjá lọ sí ibi tí ẹsẹ ti bẹ̀rẹ̀. Èrò tiwa nínú bébà yìí ni pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀jọ̀gbọ́n ti ń fi hàn bí ó ti ka ẹni tí ó gba ìmọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ sí.

Ní ọdún 1951, William Bascom gba ohùn Sàlàkọ́, awo ẹ̀rìndínlógún kan ní Ọ̀yọ́, sílẹ̀. Ìwé tí ó ti inú rẹ̀ jáde, Sixteen Cowries, kò dé ìta títí di 1980. A kò gbọdọ̀ purọ́ mọ́ Bascom: ó dárúkọ Sàlàkọ́ nínú ìwé náà, ó sì jẹ́ kí á mọ̀ pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn ẹsẹ ti wá. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò ṣe tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, orúkọ Bascom nìkan ni ó dúró gẹ́gẹ́ bí òǹkọ̀wé, bẹ́ẹ̀ ẹnu Sàlàkọ́ ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìwé náà ti jáde.

J. P. Clark gba ọ̀nà mìíràn nínú The Ozidi Saga (1977). Ojú ewé àkọlé rẹ̀ fi yé wa pé Clark ṣàkójọ, ó sì túmọ̀, ṣùgbọ́n Okabou Ojobolo ni ó sọ ìtàn náà ní èdè Ìjọ. Ó tilẹ̀ fi ìdásí àwọn òǹwòran sí i. Èyí kò dín iyì Clark kù.

Àwọn kan yóò ní ohun àjùmọ̀ní ni ẹsẹ, pé kò sí ẹnì kan tí ó ni ín. Èsì yìí kò tẹ́ wa lọ́rùn. Bí ó bá jẹ́ àjùmọ̀ní ní tòótọ́, báwo ni ó ṣe di ti ọ̀jọ̀gbọ́n kan ṣoṣo nígbà tí ó dé inú ìwé? Awo fúnra rẹ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìjúbà olúwo àti ojùgbọ̀nà tí ó kọ́ ọ. (Àwa onímọ̀ ti kọ bébà púpọ̀ lórí ìjúbà, ẹ wo iye nínú wọn tí ó dárúkọ ẹni tí a gba ìjúbà náà lẹ́nu rẹ̀.)

Ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ náà le ni pé iṣẹ́ tí olùkọ́ tẹ̀ jáde ni a fi ń gbé e ga dé ipò ọ̀jọ̀gbọ́n, ìgbìmọ̀ ìgbéga kò sì sábà béèrè ẹni tí ó ni ohùn inú wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ a sì máa tọ ipasẹ̀ olùkọ́ rẹ̀: nínú àpilẹ̀kọ oyè rẹ̀, yóò kọ “bàbá awo kan ní Ọ̀yọ́,” yóò sì kọ orúkọ alábòójútó rẹ̀ ní kíkún, pẹ̀lú gbogbo oyè tí ó wà níwájú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀.