Òmìnira Lẹ́nu Dókítà Agbẹ̀bí: Ron Paul nínú Ìdìbò Abẹ́lé Ọdún 2008

Ní alẹ́ ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún ọdún 2007, olùdíje mẹ́wàá dúró lórí pèpéle kan ní ìlú Columbia, ní ìpínlẹ̀ South Carolina. Olúkúlùkù wọn ń wá kí ẹgbẹ́ òṣèlú Republican fa òun kalẹ̀ fún ipò Ààrẹ Amẹ́ríkà. Nígbà tí ó kan Ron Paul, aṣòfin láti Texas, wọ́n bi í léèrè ìdí tí ó fi lòdì sí ogun Iraq nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn ogun náà. Ó dáhùn pé àwọn tí ó kọlu Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001 ní ìdí tí wọ́n fi ṣe é, àti pé Amẹ́ríkà ti ń ju bọ́ǹbù sí Iraq fún ọdún mẹ́wàá ṣáájú. Rudy Giuliani, ẹni tí ó jẹ́ olórí ìlú New York nígbà ìkọlù náà, kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù. Ó ní òun kò gbọ́ irú àlàyé bẹ́ẹ̀ rí, kí Paul kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Àtẹ́wọ́ gba gbogbo gbọ̀ngàn. Paul kò kó o jẹ. Ó mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ kan tí àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà, CIA, máa ń lò, blowback, ó sì tọ́ka sí Iran, níbi tí CIA ti lọ́wọ́ nínú bí wọ́n ṣe yí ìjọba ibẹ̀ padà ní ọdún 1953, tí ẹ̀san rẹ̀ fi wá bá àwọn òṣìṣẹ́ Amẹ́ríkà tí wọ́n kó sí ìgbèkùn ní Tehran ní ọdún 1979.

Olùkọ́ èdè tí ó bá fẹ́ túmọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn kò ní rìn jìnnà kí ó tó rí i: ẹni tí ó bá sọ òkò sí ọjà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà. Ṣùgbọ́n ohun tí ó yẹ ní àkíyèsí jù nínú ìtàkùrọ̀sọ náà ni irú gbólóhùn tí àwọn ọkùnrin méjèèjì lò. Giuliani sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Paul sọ̀rọ̀ nípa ohun tí ó fa ọ̀fọ̀. Dókítà ni. Kí ó tó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nínú òṣèlú, dókítà agbẹ̀bí ni ó jẹ́ ní agbègbè Lake Jackson ní Texas, àwọn ọmọ tí ó sì gbẹ̀bí wọn lé ní 4,000. Dókítà tí ó bá bi aláìsàn léèrè ohun tí ó jẹ lánàá kò sọ pé àìsàn náà tọ́ sí i. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìdí àti àwíjàre ni gbogbo ọ̀rọ̀ Paul rọ̀ mọ́ ní alẹ́ ọjọ́ náà, ìyàtọ̀ yẹn gan-an sì ni gbọ̀ngàn náà kò fẹ́ gbọ́. Bí a bá wo ìdìbò abẹ́lé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sí ìgbà mìíràn tí olùdíje kankan sọ òtítọ́ tí ó ṣòroó gbọ́ tó bẹ́ẹ̀ lójú àwọn tí ó ń wá ìbò wọn.

Libertarian ni wọ́n ń pe ẹ̀kọ́ òṣèlú tí Paul ń tẹ̀ lé. Ohun tí ẹ̀kọ́ náà sọ kò ṣòro: olúkúlùkù ni ó ni ara rẹ̀ àti ohun tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni fi ipá mú un, ì báà ṣe ìjọba, iṣẹ́ ìjọba kò sì ju kí ó ká olè àti apànìyàn lọ́wọ́ kò, kí ó sì rí i pé àdéhùn kò yẹ̀. Paul ti díje fún ipò Ààrẹ lórúkọ ẹgbẹ́ Libertarian rí ní ọdún 1988, ìbò tí ó sì rí nígbà náà kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún.

Òmìnira ni ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó súnmọ́ ohun tí ó ń polongo. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà. Òmìnira tí ó mọ́ Yorùbá lára jù ni ti ọdún 1960, nígbà tí orílẹ̀-èdè bọ́ lọ́wọ́ òyìnbó amúnisìn. Ṣáájú ìgbà náà, ẹgbẹ́ Action Group ti so òmìnira fún gbogbo ènìyàn àti ayé ìdẹ̀rùn pọ̀ nínú àkọmọ̀nà kan ṣoṣo, ìjọba ẹgbẹ́ náà sì ti ń fi owó ìlú rán àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955. Ní etí ẹni tí ó dàgbà sínú ìyẹn, ìjọba wà lára ohun tí ó ń mú òmìnira wá. Lẹ́nu Paul, ìjọba ni òmìnira ń sá fún. Olùtumọ̀ tí kò bá fi àlàyé kún un yóò wulẹ̀ fi aṣọ kan bo èrò méjì tí ó ń bá ara wọn jà.

Ibi tí ìpolongo náà ti lágbára jù ni bí ó ṣe so ogun mọ́ owó. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ ọdún 1971, Ààrẹ Nixon kéde pé Amẹ́ríkà kò ní fi wúrà pààrọ̀ dọ́là fún àwọn ìjọba ilẹ̀ òkèèrè mọ́. Paul sọ léraléra pé ìkéde yẹn ni ó ti òun sínú òṣèlú. Àlàyé rẹ̀ rọrùn láti tẹ̀ lé. Ìjọba tí ó fẹ́ jagun ní ọ̀nà méjì: kí ó gba owó orí, kí ó sì gbọ́ igbe ará ìlú, tàbí kí ó jẹ́ kí báńkì àpapọ̀ dá owó tuntun, kí ó sì gba ti ará ìlú láìjẹ́ pé wọ́n fura. Ẹni tí owó tuntun kọ́kọ́ tẹ̀ lọ́wọ́ yóò ná an ní iye àná. Nígbà tí yóò bá fi dé ọwọ́ òṣìṣẹ́ àti arúgbó tí ń jẹ owó ìfẹ̀yìntì, ọjà ti gbówó lórí. Nítorí náà, lójú Paul, ẹni tí ó bá fẹ́ kí ogun dínkù gbọ́dọ̀ bi Federal Reserve, báńkì àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1913, léèrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Kò sí olùdíje mìíràn tí ó fi ọ̀rọ̀ báńkì náà ṣe oríkì ìpolongo rẹ̀.

Àlàyé yìí kì í ṣe àjèjì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2007, nígbà tí Paul ń rìn káàkiri pẹ̀lú ìwàásù yìí, ìjọba Ghana gé òdo mẹ́rin kúrò lára owó cedi, tí 10,000 àtijọ́ fi di ẹyọ kan. Obìnrin tí ń tajà ní Makola ní Accra kò nílò ìwé ìmọ̀ ọrọ̀-ajé kí ó tó mọ ibi tí òdo mẹ́rin náà ti wá.

Bí ó ti wù kí ó rí, oògùn tí Paul júwe kò dára tó àyẹ̀wò tí ó ṣe. Ó fẹ́ kí wúrà tún padà jẹ́ ìpìlẹ̀ owó. Ní ọdún 1931, nígbà tí ọ̀dá ajé mú gbogbo ayé, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi wúrà sílẹ̀; Faransé dì í mú títí di ọdún 1936. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó tètè mí. Paul kò fi bẹ́ẹ̀ dáhùn irú ìtàn yìí nínú ìpolongo rẹ̀, àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ kò sì bi í.

Àwọn alátìlẹ́yìn náà jẹ́ ìtàn fúnra wọn. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kọkànlá ọdún 2007, wọ́n dá owó tí ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là láàárín ọjọ́ kan. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá, tí í ṣe àyájọ́ ọjọ́ tí àwọn ará Boston da tíì sí òkun ní ọdún 1773, wọ́n dá nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́fà. Kì í ṣe ọ́fíìsì ìpolongo rẹ̀ ni ó pète rẹ̀. Àwọn aráàlú ni wọ́n kó ara wọn jọ, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ náà ti wí. Àpótí ìbò kò sọ bẹ́ẹ̀. Ní Iowa, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni Paul rí. Ní Nevada, ó ṣe ipò kejì sí Mitt Romney pẹ̀lú nǹkan bí ìdá mẹ́rìnlá. John McCain ni ó gba ìpò náà nígbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ó yẹ ká fi kún un pé Giuliani, tí ó ní kí Paul kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ, ti fi ìdíje sílẹ̀ ní òpin oṣù Kìn-ín-ní láìborí ní ìpínlẹ̀ kankan. Paul wà lórí pápá títí di ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà.

Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2008 kan náà, ìwé ìròyìn The New Republic gbé àwọn ìwé ìléwọ́ kan jáde, èyí tí wọ́n ń tẹ̀ lórúkọ Paul ní àwọn ọdún 1980 àti 1990. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó tẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú wà nínú wọn. Paul ní òun kọ́ ni òun kọ ọ́, òun kò sì gbà pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n pé ẹ̀bi àìmójútó jẹ́ ti òun. Kò tó. Ẹni tí ó ń wàásù pé olúkúlùkù ni ó ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò lè tún sọ pé òun kò mọ ẹni tí ó fi orúkọ òun ṣòwò. Orúkọ ni ìjánu ọmọ, Yorùbá ní.

Síbẹ̀, ìwé ìléwọ́ kọ́ ni ọ̀ràn tí ó jinlẹ̀ jù, nítorí a lè sọ pé ìwà ni ìyẹn, kì í ṣe ẹ̀kọ́. Ní ọdún 2004, ilé aṣojú-ṣòfin dìbò láti ṣàjọyọ̀ ogójì ọdún Òfin Ẹ̀tọ́ Ará Ìlú ti ọdún 1964. Ènìyàn 414 sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó kọ̀, Paul sì ni. Kì í ṣe pé ó gba ti òfin ìyàsọ́tọ̀. Ó sọ pé òfin tí ìjọba fi ya dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára funfun kò dára. Ohun tí ó kọ̀ ni kí ìjọba sọ fún onílé ìtajà ẹni tí yóò tà fún.

A lè fi Greensboro dán èyí wò. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 1960, akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú mẹ́rin wọ ilé ìtajà Woolworth ní ìlú náà ní North Carolina. Wọ́n ra nǹkan kéékèèké, ilé ìtajà náà sì gba owó wọn. Wọ́n wá jókòó sí ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ lábẹ́ òrùlé kan náà, wọn kò tà fún wọn. Ẹni tí ó bá gba ti Paul yóò ní òmìnira méjì ni ó pàdé níbẹ̀: onílé ní ẹ̀tọ́ láti má tà, oníbàárà sì ní ẹ̀tọ́ láti má tún rà níbẹ̀ mọ́. Kò yẹ kí a fi ọwọ́ rọ́ èyí sẹ́yìn. Àwọn ará ìlú kọ ẹ̀yìn sí ilé ìtajà náà lóòótọ́, Woolworth sì juwọ́ sílẹ̀ ní oṣù Keje ọdún yẹn, ọdún mẹ́rin kí òfin ọdún 1964 tó dé.

Ṣùgbọ́n ní Nashville, ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 1960 kan náà, àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ funfun lu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó jókòó bẹ́ẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá dé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n kó, wọ́n lé ní àádọ́rin. Wọn kò kó àwọn tí ó lù wọ́n. Ìjọba ti wà nínú ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, nínú aṣọ ọlọ́pàá àti nínú àwọn òfin ìyàsọ́tọ̀ tí ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ti fọwọ́ sí láti ọdún 1896. “Rárá” tí onílé ìtajà sọ kì í ṣe ohùn òun nìkan. Ẹ̀wọ̀n wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ó ní kí ènìyàn máa wá ọwọ́ ìjọba níbi gbogbo, tí ó rí i nínú owó, tí ó rí i nínú ogun, kò rí i lẹ́nu ọ̀nà ilé oúnjẹ. Bí Paul bá ti lo ojú tí ó fi wo Iran láti wo Nashville, ẹ̀kọ́ tirẹ̀ gan-an ni ì bá bá a dáhùn, kì í ṣe ti àwọn alátakò rẹ̀.

Ìbéèrè náà kò lọ. Rand Paul, ọmọ rẹ̀, borí nínú ìdìbò abẹ́lé fún ipò aṣòfin àgbà ní Kentucky ní ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún ọdún 2010. Ní ọjọ́ kejì, Rachel Maddow bi í lórí tẹlifíṣọ̀n bóyá onílé oúnjẹ lè lé ènìyàn nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ó yí ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn títí àkókò fi tán. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó kéde pé òun ì bá dìbò fún òfin náà. Ní ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún ọdún 2011, ọjọ́ tí baba kéde pé òun yóò tún díje fún ipò Ààrẹ, Chris Matthews bi òun náà ní irú ìbéèrè kan náà. Baba ní òun kì bá tí dìbò fún un.