Ẹ̀rí àti Ìretí: Lámèyítọ́ lórí Ìwádìí Mésónì F

F ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ físíìsì kọ́kọ́ fún mésónì tí kúákì charm àti òdì kúákì strange parapọ̀ dá. Ní 1977, ẹgbẹ́ DASP ní ìlú Hamburg, ní Jámánì, kéde pé àwọn ti rí i, wọ́n sì fi ìwúwo rẹ̀ sí nǹkan bí 2030 MeV. Ìṣẹ̀lẹ̀ tí wọ́n gbára lé kò pọ̀. Ṣùgbọ́n tíọ́rì ti ń retí mésónì náà, ìretí sì máa ń mú kí ẹ̀rí díẹ̀ dà bí púpọ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Ní 1983, ẹgbẹ́ CLEO ní Yunifásítì Cornell, ní Amẹ́ríkà, wá a níbi tí ó ti ń tú sí phi àti pi. Nǹkan bí 1970 MeV ni wọ́n bá a. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn sì jẹ́rìí sí i.

DASP kò ṣìnà pé mésónì náà wà. Ìwúwo rẹ̀ ni wọ́n ṣì. Irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ló ṣòro jù láti fura sí, nítorí pé òtítọ́ ni ó fi bora. Ds ni orúkọ mésónì náà lónìí. Orúkọ ṣeé pààrọ̀ láìpa ìmọ̀ lára. Ẹ̀rí kò ní àrọ́pò.