Ta Ló Kí Ẹfúnṣetán Kú Ìrọ́jú?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, púpọ̀ nínú yín ti ka Ẹfúnṣetán Aníwúrà, eré tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tó jáde ní 1970. Bí a bá bi yín pé irú èèyàn wo ni Ìyálóde Ìbàdàn yìí, ẹ ó ní ìkà ni. Irọ́ kọ́. Ó ní kí wọ́n bẹ́ Adétutù, ẹrú rẹ̀, lórí nítorí pé ó lóyún. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ọ̀fọ̀ tó wà lẹ́yìn ìkà náà.

Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921, sọ pé ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni Ẹfúnṣetán ní, orí ìkúnlẹ̀ ló sì kú sí ní 1860. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìyá rẹ̀ kórìíra oyún nínú agbo ilé rẹ̀.

Ẹ wo bí a ṣe ń kí olọ́fọ̀: "Ẹ kú ìrọ́jú," "Ẹ kú àmúmọ́ra," "Ẹ kú ara fẹ́ra kù." Ẹnìkan gbọ́dọ̀ wá bá yín kó tó lè kí yín bẹ́ẹ̀. A kì í dá ìrọ́jú ṣe. Àwọn àgbà obìnrin á wá jókòó ti ìyá náà, wọ́n á rọ̀ ọ́ kó jẹun, wọn ò ní jẹ́ kó dá sùn.

Ibí ni mo ti rí àléébù eré náà. A gbọ́ ẹ̀dùn àìlọ́mọ lẹ́nu Ẹfúnṣetán, àmọ́ ìkà rẹ̀ gba àyè ju ọ̀fọ̀ rẹ̀ lọ. Bí ẹ bá ń kà á, ẹ máa béèrè: ta ló jókòó tì í? Owó, oko àti ẹrú yí i ká, ṣùgbọ́n ẹni tó ń bẹ̀rù rẹ ò lè bá ọ sunkún. Líle ọkàn la rí níbẹ̀, kì í ṣe ìrọ́jú.

Mi ò sọ pé ká forí jì í o. Ẹnìkan ló bí Adétutù náà. Bọ́lánlé Awẹ sì ti jẹ́ ká mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òṣèlú wà nínú ìjà òun àti Látòósà, tí wọ́n fi pa á ní 1874. Nínú eré, májèlé ló dá gbé mu. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni Ìṣọ̀lá ti fi ìdánìkanwà rẹ̀ hàn wá jù lọ.

Torí náà, bí ẹ bá kọ́ "ẹ kú ìrọ́jú" ní kíláàsì, ẹ má kàn há a sórí. Ẹ lọ kí ìyá àgbà kan tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, kẹ́ ẹ sì jókòó.