Ìlà Orúkọ Lórí Díìsìkì

Ní Anthony, ní Èkó, níbi tí títì Ìkòròdú ti pàdé márosẹ̀ tó ti Òṣòdì bọ̀, mo gbé fláàṣì lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ ìwé jáde fún ará àdúgbò. "Ọkọ̀" ni mo pe fáìlì tí mo fẹ́ tẹ̀. Ọmọbìnrin tó jókòó ti kọ̀ǹpútà ṣí fóódà náà, ó yíjú sí mi. "Dádì, Ọkọ̀ méjì ni mo rí o. Èwo ni kí n tẹ̀ fún yín?" Mo ní, "Wò ó dáadáa, ọmọ mi, ẹ̀rọ kì í gba orúkọ kan náà lẹ́ẹ̀mejì nínú fóódà kan." Mo tẹ̀ síwájú, mo wò ó fúnra mi. Méjì ni lóòótọ́. Àmì ìsàlẹ̀ bára mu, àmì ohùn bára mu. Ó tẹ ọ̀kan. Èyí tí mo ti pa tì ló jáde, mo sì sanwó ìwé tí n kò lò.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé mi dé ìdí iṣẹ́ kan tí ọ̀pọ̀ wa kò kà sí iṣẹ́ ọnà: bí ẹ̀rọ ṣe ń kọ orúkọ fáìlì sílẹ̀ lórí díìsìkì. Èmi kà á sí ọnà, nítorí pé ẹni tó bá fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pinnu ohun tí orúkọ jẹ́ sí ẹni tó ń jẹ́ ẹ. Lórí ìpinnu yẹn ni mo fẹ́ dá àwọn tó ṣe irú ètò yìí lẹ́jọ́.

Fóódà tí a ń rí lójú kọ̀ǹpútà dà bí àpò tí a kó ẹrù sí. Kò sí àpò kankan lórí díìsìkì. Fóódà fúnra rẹ̀, fáìlì ni. Ìlà orúkọ ló kún inú rẹ̀, orúkọ kan lẹ́yìn èkejì, tí ìlà kọ̀ọ̀kan sì ń tọ́ka sí ibi tí a ó ti rí olórúkọ.

Ẹ ronú yàrá káàdì ní ọsibítù. Ìwé ńlá kan wà lórí tábìlì akọ̀wé: orúkọ aláìsàn, nọ́ńbà káàdì, ó parí. Ẹ̀jẹ̀ ríru, oògùn tí wọ́n fún un, ọjọ́ tó wá kẹ́yìn, inú fáìlì tó wà lórí pẹpẹ ni gbogbo rẹ̀ wà, nọ́ńbà ni wọ́n sì fi ń wá a. Bí Ken Thompson àti Dennis Ritchie ṣe ṣètò Unix gan-an nìyẹn ní Bell Labs, ní Amẹ́ríkà. Ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà ni Unix. Ní ìdajì kejì ọdún 1970 sí 1979, báìtì 16 péré ni ìlà orúkọ kan nínú Unix: 2 fún nọ́ńbà, 14 fún orúkọ. Ìwọ̀n fáìlì, ẹni tó ni ín, ibi tí ara rẹ̀ wà lórí díìsìkì, inú ohun tí wọ́n ń pè ní inode ni wọ́n kó o sí. Inode kò sì mọ orúkọ ara rẹ̀.

Ibí yìí ni ọnà náà ti dùn mọ́ mi jù. Obìnrin tó forúkọ bàbá rẹ̀ gba káàdì, tó tún forúkọ ọkọ wọ ìwé lẹ́yìn ìgbéyàwó, ìlà méjì ló ní, fáìlì kan ṣoṣo. Unix gba irú èyí láyè. Inode a máa ka iye orúkọ tó ń tọ́ka sí i. Bí a bá pa ọ̀kan rẹ́, fáìlì kò kú. Ó di ìgbà tí iye náà bá di òdo, tí ètò kankan kò sì ṣí i lọ́wọ́, kí ẹ̀rọ tó gba àyè rẹ̀ padà. Kò sì sí èyí tó jẹ́ àgbà nínú àwọn orúkọ náà. Ọmọ tí ìyá àgbà ń ké pè ní Àjọkẹ́, tí bàbá ń pè ní Fọláṣadé, tí ilé ìwé sì kọ sílẹ̀ ní Victoria, ta ni yóò sọ èyí tó jẹ́ orúkọ rẹ̀ gan-an? Ilé tí wọ́n ti ń sọ ọmọ lórúkọ mẹ́ta mẹ́rin ló yẹ kí irú ètò yìí ti jáde wá.

MS-DOS, tí Microsoft gbé jáde ní 1981, gba ọ̀nà mìíràn. Báìtì 32 ni ìlà kan nínú ètò rẹ̀ tí à ń pè ní FAT, orúkọ àti ìtàn fáìlì sì jọ wà lójú kan: lẹ́tà 8 fún orúkọ, 3 fún ìrù rẹ̀, lẹ́yìn náà ọjọ́, ìwọ̀n, àti nọ́ńbà ìdì àkọ́kọ́, ìyẹn ẹyọ àyè tí a pín díìsìkì sí, tí fáìlì ti bẹ̀rẹ̀. Ó di 1983 kí fóódà tó lè wà nínú fóódà níbẹ̀. Iṣẹ́ ẹni tó ń kánjú ni. Olúwafẹ́mi di OLUWAFEM, Olúwaṣeun di OLUWASEU, àmì ìsàlẹ̀ kò sì sí nínú ọ̀rọ̀ rárá. Síbẹ̀, FAT yìí kan náà ló wà lórí ọ̀pọ̀ fláàṣì àti mẹ́mórì káàdì tí à ń lò lónìí.

Ìparẹ́ inú FAT, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ ni. Ẹ̀rọ kì í nu ìlà orúkọ kúrò. Lẹ́tà àkọ́kọ́ nìkan ni ó ń fi báìtì E5 rọ́pò, á sì sọ àwọn ìdì tí fáìlì náà ń lò di òfìfo nínú tábìlì tí FAT fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ wọn. Bí tíṣà tó fi bírò pupa fa igi sí orí orúkọ ọmọ nínú rẹ́jísítà, tí ọmọ ṣì jókòó sí kíláàsì títí ẹlòmíràn yóò fi gba àga rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ayàwòrán òde ayẹyẹ tó ṣèèṣì pa àwòrán rẹ́ fi lè rí i gbà padà, bí kò bá tíì ya òmíràn lé e. Ṣùgbọ́n DSC_0147.JPG rẹ̀ lè padà wá ní _SC_0147.JPG, nítorí pé lẹ́tà àkọ́kọ́ ti lọ, ètò tó gbà á là kò sì mọ ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Àwọn ará Jàpáàn rí wàhálà inú àmì E5 yìí. Báìtì E5 wà lára àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà Kanji kan. Fáìlì tí orúkọ rẹ̀ bá fi irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ á kà á sí òkú láti ọjọ́ tí a ti bí i. Wọ́n wá fi 05 dípò E5 lórí díìsìkì fún irú wọn. Ẹni tó yan àmì ikú náà kò ronú kan pé ẹnìkan ní ibòmíràn ń fi í bẹ̀rẹ̀ orúkọ.

Nígbà tí Windows 95 dé ní 1995, wọ́n fẹ́ orúkọ gígùn láìba ti àtijọ́ jẹ́. Wọ́n to àfikún ìlà ṣáájú ìlà àtijọ́ náà, lẹ́tà 13 ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ìparí orúkọ ṣáájú ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì fi àmì kan sí i tí ètò àtijọ́ yóò fi fo ó láìbèèrè. Àbùlẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó lẹ̀ ẹ́ mọ aṣọ.

Ext2, ètò díìsìkì tí Rémy Card ṣe fún Linux ní 1993, ni mo fẹ́ràn bí ó ti ń pín àyè. Ó jogún rẹ̀ lọ́wọ́ BSD ti 1983, ẹ̀yà Unix tó jẹ́ kí orúkọ gùn tó báìtì 255, kí ìlà sì gùn mọ bí orúkọ bá ṣe gùn. Ìlà kọ̀ọ̀kan ń sọ iye ìṣísẹ̀ tó kù kí a tó dé ìlà tó kàn. Ẹ wo dáńfó tó ń bọ̀ láti Mile 12. Bí ẹnì kan bá sọ̀ ní Anthony, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á na ẹsẹ̀ gba àyè náà; bí èrò tuntun bá wọlé, á ká ẹsẹ̀ kò. Bẹ́ẹ̀ ni ext2 ṣe ń ṣe: bí a bá pa orúkọ kan rẹ́, ìṣísẹ̀ ìlà tó ṣáájú rẹ̀ á gùn, á fo òkú náà, bí tuntun bá dé, á tún kúrú.

Bí fáìlì bá pọ̀ nínú fóódà kan, kíka ìlà láti òkè dé ìsàlẹ̀ á di ìyà. NTFS ti Microsoft, ní 1993, to orúkọ sórí igi ẹlẹ́ka tí à ń pè ní B-tree. Ext3 àti ext4 náà ní irú igi tiwọn. Yíyára nìkan ló kàn wọ́n níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Ọkọ̀ mi. Mo gbé fláàṣì délé, mo fi ètò tó ń fi báìtì hàn wo ìlà méjèèjì. Èyí tí mo fi fóònù kọ ní kóòdù mẹ́rin láìka ìrù rẹ̀: Ọ, k, ọ, àmì ohùn. Èyí tí mo fi láàpútọ́ọ̀pù kọ ní mẹ́fà: O, àmì ìsàlẹ̀, k, o, àmì ìsàlẹ̀, àmì ohùn. Lójú mi, orúkọ kan. Lójú díìsìkì, méjì tí kò bára tan. Lórí ext4, bí a bá fi UTF-8 kọ wọ́n, báìtì 9 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yóò gbà. Iye dọ́gba, ohun tó wà nínú wọn kò dọ́gba. Ọ̀nà kẹta tún wà, kí a fi àmì ìsàlẹ̀ sábẹ́ ò. Àwọn kan sì ń lo ìlà tóóró dípò àmì róbótó nísàlẹ̀ lẹ́tà. Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà ní kóòdù, fúnra rẹ̀ kò ka ìyẹn mọ́ àwọn tó kù.

Ní Èkó yìí kan náà ni àwọn ajíhìnrere ìjọ CMS ti pàdé ní 1875 láti fẹnu kò lórí bí a ó ti máa kọ Yorùbá. Ní 1974 ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ tí à ń lò. Lórí bébà ni wọ́n parí rẹ̀. Nínú àwọn ètò díìsìkì, HFS+ ti Apple, ní 1998, ló sapá jù: ó ń tú gbogbo orúkọ palẹ̀ sí ìlànà kan kó tó kọ ọ́, nítorí náà Ọkọ̀ méjì mi kì bá tí lè jọ wà níbẹ̀. Linux gba irú àfiwé bẹ́ẹ̀ láyè nínú ext4 láti 2019, fún fóódà tí a bá dìídì sàmì sí. Ìdájọ́ mi ni pé Unix mọ ìyàtọ̀ orúkọ àti olórúkọ ju gbogbo wọn lọ, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé orúkọ kan lè ní ju ìkọsílẹ̀ kan lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe kíbọ́ọ̀dù Yorùbá fún fóònù àti kọ̀ǹpútà, ẹ dákun, ẹ yan ìlànà kan ṣoṣo fún ọ̀ àti ẹ̀, kí gbogbo yín sì jọ máa lò ó. Ní tèmi, ìlànà alákòópọ̀ tí fóònù mi lò ni mo fara mọ́.